Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: Bí ẹja odò Nàìjíríà ṣe ń jẹ́ orúkọ ìlú kan ní Cameroon

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní London, ní Berlin tàbí ní New York, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ẹja kékeré kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ nínú àpótí dígí. Ikùn abo rẹ̀ pọ́n bí osùn, ìlà dúdú kan sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti orí dé ìrù. Orúkọ tí wọ́n máa ń kọ sára dígí náà ni "Kribensis".

Ẹni tó bá mọ Cameroon yóò rántí Kribi, ìlú etí òkun tó wà níhà gúúsù Douala. Orúkọ ẹja náà kò sì túmọ̀ sí ohun mìíràn ju "ará Kribi" lọ.

Àmọ́ ẹja inú àpótí yẹn kì í ṣe ará Kribi. Inú àwọn odò gúúsù Nàìjíríà ni ìdílé rẹ̀ wà.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ta ló wá sọ ẹja yìí lórúkọ láì wo ilé rẹ̀? Báwo ni ẹja inú odò wa ṣe dé yàrá ìgbàlejò àwọn òyìnbó? Kí sì ni ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ni odò?

Orílẹ̀èdè tí wọ́n fi edé sọ lórúkọ

Ìlú Douala ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ àti ẹ̀dá inú omi ti kọ́kọ́ pàdé.

Lọ́dún 1472, àwọn atukọ̀ láti Portugal dé ẹnu odò Wouri, níbi tí Douala wà lónìí. Edé tí wọ́n bá nínú omi náà pọ̀ débi pé wọ́n pe odò ọ̀hún ní Rio dos Camarões, èyí tó túmọ̀ sí "Odò Edé". Láti ara Camarões yìí ni orúkọ orílẹ̀èdè náà ti jáde. Àwọn ará Jámánì pè é ní Kamerun, àwọn Faransé ní Cameroun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Cameroon.

Edé tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí kì í ṣe èyí tí ojú rí lójoojúmọ́. Inú ihò nínú ẹrẹ̀ ló ń gbé. Ọdún mélòó kan lè kọjá kí ó tó tún ya jáde sójú omi lọ́pọ̀ yanturu, tí tọmọdé tàgbà yóò sì máa fi àwọ̀n àti agbọ̀n gbá a. Lepidophthalmus turneranus ni orúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Mbeatoe ni àwọn Duala tí wọ́n ni odò náà ń pè é.

Bí àwọn onílé ṣe ní orúkọ fún edé wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àlejò gbé orúkọ tirẹ̀ dé. Ti àlejò ló wà lórí máàpù àgbáyé títí dòní.

Bassa jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò Douala. Orúkọ ẹ̀yà Bassa, tí wọ́n wà lára àwọn tó ti ń gbé agbègbè náà tipẹ́, ló ń jẹ́. Lónìí, ilé iṣẹ́ ńláńlá ló kún ibẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kò sì dẹ́kun wíwọlé àti jíjáde. Òjò tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún kan lé ní 3,500 mílímítà, ó tó ìlọ́po méjì èyí tó ń rọ̀ l'Ékòó. Omi òjò yìí ń gba inú àwọn odò kéékèèké bíi Tongo Bassa kọjá lọ sínú Wouri.

Kí ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé tó bo ilẹ̀ náà, igbó kìjikìji ló wà ní agbègbè yìí. Irú odò tín-ínrín tó ń ṣàn lábẹ́ òjìji igi, tí ewé jíjẹrà ti pa omi rẹ̀ láró bí omi àgbo, ni ibùgbé àwọn ẹja kéékèèké tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Láti ẹ̀yìn odò Niger títí dé Kribi, ẹja bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra.

Ta ló kọ́kọ́ kó ẹja sínú dígí?

Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹja tí a kò ní jẹ kò yé wa. Ẹja àrọ̀ wà fún ọbẹ̀, ẹpìyà wà fún díndín. Kí ni èèyàn fẹ́ fi ẹja tí kò kún ẹnu ológbò ṣe nínú ilé?

Àwọn ará China ló kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń sin ẹja aláwọ̀ wúrà fún ẹwà rẹ̀ nìkan. Inú adágún àti ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ń sin ín sí, òkè ni wọ́n sì ti ń wò ó.

Ọwọ́ obìnrin ará Faransé kan, Jeanne Villepreux-Power, ni àpótí dígí ti wá. Ní erékùṣù Sicily, lọ́dún 1832, ó ṣe àpótí onídígí kí ó lè máa wo àwọn ẹ̀dá inú òkun láàyè. Títí di ìgbà yẹn, inú ìgò ọtí líle ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń wo òkú wọn.

Ìṣòro tó kù ni pé ẹja inú dígí kì í pẹ́ kú. Lọ́dún 1850, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà ní London, ṣàlàyé ohun tó rí nígbà tó kó ẹja, ìgbín omi àti ewéko sójú kan. Ewéko ń fún ẹja ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ìgbẹ́ ẹja ń bọ́ ewéko, ìgbín sì ń jẹ ewé tó bá jẹrà.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gbóná. Lọ́dún 1853, ọgbà ẹranko London ṣí ilé ẹja fún aráàlú. Lọ́dún 1854, Philip Henry Gosse gbé ìwé rẹ̀ The Aquarium jáde, ọ̀rọ̀ náà "aquarium" sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń pe irú àpótí bẹ́ẹ̀.

Àsìkò kan náà yìí, ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ni ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í sin ehoro fún ọmọdé láti máa gbé mọ́ra, ehoro tó jẹ́ pé inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ti máa ń parí ayé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iná ilé iṣẹ́ ti lé igbó àti odò jìnnà sí àwọn ará ìlú ńlá, wọ́n sì ń wá ọ̀nà láti mú díẹ̀ nínú rẹ̀ wọlé.

Ojú ń wá ohun tuntun. Ẹja odò tiwọn kò tó wọn mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ Áfíríkà.

Ọkọ̀ ojú omi, ìgò ọtí àti orúkọ òyìnbó

Reinhold Buchholz, onímọ̀ nípa ẹranko láti Jámánì, ṣiṣẹ́ ní Cameroon láàárín ọdún 1872 sí 1875. Lára ohun tó kó lọ sílé ni ẹja kan láti Victoria, ìlú tí ajíhìnrere Alfred Saker dá sílẹ̀ lọ́dún 1858, tó ń jẹ́ Limbe báyìí.

Ẹja náà jọni lójú. Lẹ́bẹ́ rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ìyẹ́ labalábá. Abẹ́ ojú omi gan-an ló máa ń dúró sí, tí yóò sì fò sókè láti gbá kòkòrò mú. Wilhelm Peters ní Berlin ló sọ ọ́ ní Pantodon buchholzi, láti fi bọ̀wọ̀ fún Buchholz. Ẹja yìí wà nínú odò Nàìjíríà náà. Ìgbà tí sẹ́ńtúrì ogún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń gbé e láàyè lọ sí Yúróòpù fún àwọn tó ní àpótí dígí.

Láàárín àkókò náà, ìjọba ilẹ̀ náà ti yí padà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1884, àwọn ọba Duala, lára wọn ni Ọba Bell àti Ọba Akwa, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará Jámánì. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àsíá Jámánì sókè. Ọ̀nà wá là fún àwọn tó ń kó igi, epo pupa, labalábá, ẹyẹ àti ẹja.

Yngve Sjöstedt láti Sweden wà ní Cameroon ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890. Lọ́dún 1895, Einar Lönnberg tó jẹ́ ará ìlú rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹja aláràbarà kan, tí à ń pè ní Fundulopanchax sjostedti lónìí. Etí odò Niger Delta títí dé ìwọ̀ oòrùn Cameroon ni ẹja náà ń gbé.

Ní London, George Albert Boulenger jókòó sí musíọ́mù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò jáde lọ dẹ odò Áfíríkà wò fúnra rẹ̀. Ìgò ni wọ́n ń kó wá bá a, láti Nàìjíríà, láti Congo, láti Cameroon. Ó ń ṣí i, ó ń ka egungun àti ìpẹ́, ó sì ń sọ ẹja lórúkọ lọ́gọ́rọ̀ọ̀rùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi sọ́kàn pé iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ yìí. Láìsí i, a kò ní mọ iye ẹja tó wà nínú odò wa. Àmọ́ apẹja tó mọ kòtò tí ẹja sá sí, tó mọ àsìkò tí ó ń yé, tó sì ní orúkọ fún un lédè tirẹ̀, kò sí orúkọ rẹ̀ lára ẹja kankan nínú àwọn tí a dárúkọ yìí.

Bí orúkọ ṣe ṣìnà

Lọ́dún 1901, Boulenger sọ ẹja kan láti Nàìjíríà ní Pelmatochromis pulcher. Ọ̀rọ̀ Látìn ni pulcher, ó túmọ̀ sí "arẹwà". Ẹni tó bá rí ikùn pípọ́n abo ẹja náà yóò gbà pé orúkọ náà yẹ ẹ́.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, lọ́dún 1911, ó rí ẹja mìíràn tó jọ ọ́, láti Kribi. Ó sọ ìyẹn ní Pelmatochromis kribensis. Ẹja méjì, ilé méjì, orúkọ méjì. Kò sí wàhálà níbẹ̀.

Ọjà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣòwò ẹja ọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta Arẹwà láti Nàìjíríà, orúkọ ẹja Kribi ni wọ́n fi ń pè é. Àwọn tó rà á gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n gé e kúrú sí "krib", orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Lọ́dún 1968, Dirk Thys van den Audenaerde, onímọ̀ ẹja láti Belgium, kó àwọn ẹja yìí sí ìdílé tuntun tó pè ní Pelvicachromis. Ẹja Nàìjíríà wá ń jẹ́ Pelvicachromis pulcher. Ní ti ẹja Kribi gan-an, àwọn onímọ̀ ti kà á mọ́ ẹ̀yà mìíràn tó ń jẹ́ taeniatus, tí Boulenger kan náà sọ lórúkọ lọ́dún 1901. Bí orúkọ kribensis ṣe pòórá nínú ìwé sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Orí ẹja tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ló kù sí, lọ́jà.

Ọdún 2014 ni Anton Lamboj láti Austria àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ẹja Kribi dá dúró, wọ́n sì dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ.

Síbẹ̀, ẹ padà sí ilé ìtajà. Arẹwà láti Nàìjíríà ṣì ń jẹ́ Kribensis.

Kì í ṣe òun nìkan ló kàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹja kan láti Sierra Leone àti agbègbè rẹ̀ ló ń fi orúkọ Sjöstedt ṣe fújà nínú àpótí dígí, nígbà tí ẹja tó ni orúkọ náà gan-an ń jẹ́ nǹkan mìíràn. Ọdún 1966 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Clausen tú u fó, tó sì fún ẹja Sierra Leone ní orúkọ tirẹ̀.

Adágún tí wọ́n ti bi onílé léèrè

Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Níhà àríwá ìwọ̀ oòrùn Douala, nítòsí ìlú Kumba, adágún kan wà tó ń jẹ́ Barombi Mbo. Òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ló gbẹ́ kòtò rẹ̀. Kò fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà méjì àbọ̀ lọ, àmọ́ ó jìn tó 110 mítà.

Oríṣi ẹja 15 péré ló wà nínú adágún yìí láti ilẹ̀. Méjìlá nínú wọn kò sí níbòmíràn láyé.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Kumba bọ́ sí, wọ́n sì ń ṣàkóso rẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Ìbò ọdún 1961 ló dá a padà sọ́dọ̀ Cameroon. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, Ethelwynn Trewavas, obìnrin onímọ̀ ẹja ní musíọ́mù London kan náà tí Boulenger ti ṣiṣẹ́, gbájú mọ́ ẹja inú adágún náà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ará Barombi tó ń pẹja níbẹ̀ ti ní orúkọ fún ẹja wọn. Wọ́n mọ èyí tó ń jẹ́ pungu, tí eyín rẹ̀ le débi tó fi ń jẹ kànrìnkàn inú omi. Wọ́n mọ konye, pindu, mongo, myaka. Wọ́n mọ dikume, èyí tó ń wọ ibi jíjìn tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò ti tó. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ dikume wò, wọ́n rí i pé èròjà tó ń gbé ọ́síjìn kiri pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti àwọn ìyókù lọ.

Trewavas mú àwọn orúkọ wọ̀nyí, ó sì fi wọ́n sínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Pungu maclareni, Konia dikume, Stomatepia pindu, Stomatepia mongo, Myaka myaka: ohùn ará Barombi ló wà nínú wọn. Ìyẹn fi hàn pé kò ṣòro. Ohun tó gbà kò ju kí èèyàn bi onílé léèrè lọ.

Lọ́dún 1994, Ulrich Schliewen, Diethard Tautz àti Svante Pääbo, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2022, gbé iṣẹ́ kan jáde nípa adágún náà. Wọ́n ní ó jọ pé òbí kan náà ló bí àwọn ẹja ìdílé ẹpìyà inú rẹ̀, tí wọ́n sì pín sí oríṣiríṣi ẹ̀yà nínú omi kan ṣoṣo, láìsí ohun tó là wọ́n láàárín. Inú omi tí ará Kumba ń mu ni ọ̀kan lára ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ìbéèrè ńlá yẹn ti wá.

Bí èèyàn bá fẹ́ sin Arẹwà nílé ń kọ́?

Kò ṣòro, owó rẹ̀ kò sì kọjá agbára ẹni tó bá ní sùúrù. Sùúrù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní.

Àpótí dígí tó gba nǹkan bíi 60 lítà omi tó fún akọ kan àti abo kan. Ẹ da iyanrìn tí ẹ ti fọ̀ mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ewéko omi, òkúta àti àjákù ìkòkò amọ̀ tàbí èèpo àgbọn tí ẹ dojú rẹ̀ dé sínú rẹ̀, nítorí pé inú ihò ló máa ń yé ẹyin sí. Ìwọ̀n ooru omi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn wà láàárín 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ilé wa kì í sábà tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, èròjà chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi lè pa ẹja. Ẹ lo oògùn tó ń pa á, èyí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Ibi tí Warington kò tíì ríran dé nìyí. Ìgbẹ́ ẹja ń mú èròjà ammonia jáde, májèlé sì ni fún ẹja. Àwọn bakitéríà kan ló ń sọ ammonia di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé, àwọn mìíràn a sì sọ ìyẹn di nitrate, tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí bakitéríà wọ̀nyí tó pọ̀ tó nínú fílítà. Ẹni tó bá ra àpótí lónìí, tó ra ẹja lónìí, òkú ẹja ló sábà máa ń kó dànù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹja bá ti wọlé, ẹ máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má da gbogbo rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan.

Bí ara bá ti tù wọ́n, abo ni yóò tẹ ikùn rẹ̀ pípọ́n láti fi fa ojú akọ mọ́ra. Inú ihò ni yóò yé sí. Nígbà tí ọmọ bá jáde, bàbá àti ìyá yóò jọ máa kó wọn rìn bí adìyẹ ṣe ń kó òròmọ. Àwọn onímọ̀ tún ti rí i pé bí omi bá ní èkan díẹ̀ nígbà tí ọmọ wà ní kékeré, akọ ló máa ń pọ̀ nínú wọn. Bí kò bá ní, abo ló máa ń pọ̀.

Ẹ ro ìyẹn wò. Ìyípadà díẹ̀ nínú omi tó láti yí akọ àti abo inú ìdílé kan padà. Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ bí ohun tó wọ odò bá lágbára ju èkan ewé jíjẹrà lọ?

Ẹja tútù ló ṣeé ká

Ìbéèrè yìí ló gbé wa padà sí Bassa. Odò tó bá gba àárín ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé kọjá, ohun tí wọ́n bá dà sínú rẹ̀ ló ń gbé: ike, epo ọkọ̀, omi ìdọ̀tí. Nígbà òjò, odò tí pàǹtírí ti dí yóò kún wọ ilé. Odò tí èèyàn ń sá fún kò tún sí ẹni tí yóò béèrè ẹja tó wà nínú rẹ̀.

Ní Kribi, èbúté ńlá tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2018, ọ̀pá epo tó ń bọ̀ láti Chad sì ti ń dé etí òkun ibẹ̀ láti ọdún 2003. Ní Niger Delta, ilé Arẹwà, epo rọ̀bì tó ń dà sódò kì í ṣe ìròyìn tuntun. Ní Barombi Mbo, àjọ IUCN ti ka àwọn ẹja ìdílé ẹpìyà tí kò sí níbòmíràn mọ́ àwọn tó wà létí ìparun. Díẹ̀ nínú wọn wà nínú àpótí dígí àwọn olùfẹ́ ẹja ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń sin wọ́n kí ìran wọn má baà run.

Ní ti Arẹwà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tà lágbàáyé kò mọ odò Nàìjíríà rí. Oko ẹja ní Asia àti Yúróòpù ni wọ́n bí i sí. Àdéhùn Nagoya ọdún 2010 sọ pé ẹni tó bá jèrè lára ẹ̀dá ilẹ̀ kan gbọ́dọ̀ pín in pẹ̀lú onílẹ̀. Ẹja tó ti jáde nílé láti ọdún gbọọrọ, tó tún ń jẹ́ orúkọ ìlú ẹlòmíràn, báwo ni onílé rẹ̀ yóò ṣe béèrè?

Kì í ṣe pé a kò mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹja láàyè. Ìtàn ìdásílẹ̀ Òṣogbo sọ pé nígbà tí Ọba Laròóyè dé etí odò Ọ̀ṣun, ẹja kan jáde látinú omi gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ òrìṣà, ọba sì tẹ́ ọwọ́ gbà á. Láti inú "a-tẹ́wọ́-gba-ẹja" ni orúkọ oyè Àtáọ́ja ti wá. Títí dòní, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé lọ́dún 2005. Nínú igbó yẹn, odò ni àpótí, èèwọ̀ sì ni dígí rẹ̀.

Àmọ́ èèwọ̀ kò dá ẹrẹ̀ dúró. Lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, omi Ọ̀ṣun yí padà di aláwọ̀ ẹrẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Àwọn tó ń pọn omi náà mu nígbà ọdún Ọ̀ṣun gba ìkìlọ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra.

Yorùbá ní ẹja tútù ló ṣeé ká, bó bá gbẹ tán kò ṣeé ká mọ́. Odò tó kù lẹ́yìnkùlé wa ṣì tutù. Kí ọmọ kan tó béèrè iye tí wọ́n ń ta Kribensis, ẹ mú un lọ sétí odò tó wà nítòsí. Ẹ bi àgbà apẹja tó wà níbẹ̀ pé kí ni wọ́n ń pe ẹja kékeré olíkùn pupa yẹn lédè wọn. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀.

Ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Bí a kò bá mọ orúkọ ohun tó wà nínú odò wa, ọjọ́ tó bá kú tán, kí la ó sọ pé ó kú?